Géètì etí òkun tó dípẹtà lójú ìjórin, tó sì tún lọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbádárìgì ni mo ti ń jórin, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Ajara. Mo ṣe géètì alápá méjì fún bàbá kan tó kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ òkun. Páìpù gálífáníìsì ni mo lò kó má baà dípẹtà. Kò tíì pé ọdún kan, gbogbo ibi tí mo ti jó o ti di pupa, omi ìpẹtà ń ṣàn sára ọ̀dà funfun, apá kan sì ti lọ́, kò bá èkejì pàdé mọ́. Ọ̀gá mi ní electrode (ọ̀pá ìjórin) ayédèrú ni mo rà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ohun mìíràn ni pé lálẹ́ ọjọ́ tí mo jó géètì náà, òtútù mú mi bí ẹni pé ibà dé, nígbà tó yá ó lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa mu mílíìkì. Bàbá yẹn ti ní kí n wá gbé géètì mi, kí n dá owó òun padà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, Ògún á gbè ọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí, torí o ra páìpù olówó gọbọi kó má baà dípẹtà, ibẹ̀ gan-an ló sì ti dípẹtà. Electrode kọ́ ló ṣe ọ́. Ìpẹtà ojú ìjórin rẹ àti òtútù tó mú ọ lálẹ́ ọjọ́ náà, inú ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ti jáde: síńkì, irin funfun tí wọ́n fi bo páìpù gálífáníìsì. Lílọ́ ní tirẹ̀, bí o ṣe to iná rẹ ló fà á. Gbogbo rẹ̀ ló ní àtúnṣe, o kò sì ní láti gbé géètì náà padà wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Jẹ́ ká yára gba ọ̀dọ̀ electrode kọjá, torí òun ni gbogbo ajórin máa ń kọ́kọ́ nàka sí bí iṣẹ́ bá bàjẹ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń lò fún géètì ni E6013. Irin tó ń kán sílẹ̀ láti ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí irin páìpù fúnra rẹ̀. Kò sí ìdí tó fi máa dípẹtà ṣáájú páìpù, àfi tí páìpù bá wọṣọ, tí òun sì wà níhòòhò. Bí ọkàn rẹ kò bá tíì balẹ̀, dán an wò. Gé àjákù páìpù méjì, jó wọn pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, há wọn sí fáìsì, kí o fi òòlù lù ú títí yóò fi já. Wo ojú ibi tó já náà. Bó bá jẹ́ irin mímọ́ láti etí dé etí, electrode rẹ dára. Bí o bá rí ihò wẹ́wẹ́, ọ̀rinrin ti wọ inú èèpo electrode yẹn tàbí kí irin rẹ dọ̀tí. Páálí tí a bá ṣí sílẹ̀ ní Àgbádárìgì kì í pẹ́ mu omi, inú ọ̀rá dídì ló yẹ kó máa wà. Bí ìdàrọ́ dúdú bá há sáàárín, iná rẹ ló kéré tàbí ọwọ́ rẹ ni kò dúró. Electrode géèjì 12 fẹ́ nǹkan bí áńpù 60 sí 90, géèjì 10 tó nípọn jù ú lọ fẹ́ nǹkan bí 90 sí 130. Páìpù tí kò nípọn ju mílímítà 1.5 lọ, géèjì 12 ni kí o lò, kí o sì dúró sí ìsàlẹ̀ òǹkà yẹn.

Ó parí níbẹ̀. Wàyí o, síńkì.

Ọ̀nà méjì ni síńkì ń gbà dáàbò bo irin. Ó bò ó mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ àti omi má kàn án, èyí sì hàn sí gbogbo èèyàn. Èkejì ni pé bí wọ́n bá tiẹ̀ ha á díẹ̀, síńkì tó yí ojú ìhá yẹn ká ló máa kọ́kọ́ jẹ tán kí irin tó jẹ. Ìdí nìyí tí páìpù gálífáníìsì tó ní ìhá kékeré kì í fi dípẹtà lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ síńkì kò lè dúró níwájú iná wa. Tó bá dé 907°C, ó ti hó, ó ti di èéfín nìyẹn. Irin kò sì ní yọ́ títí yóò fi dé nǹkan bí 1,500°C. Nítorí náà, kí irin rẹ tó yọ́ rárá, síńkì ti fò lọ. Èéfín funfun tó ń gòkè lójú rẹ àti òwú funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjórin, aṣọ páìpù rẹ ni o ń wò tó ń lọ.

Ibi tó ti lọ kì í ṣe ojú ìjórin nìkan. Fi ìka wọ̀n ọ́n: láti etí ìjórin lọ sọ́tùn-ún àti sósì, ó tó ìbú àtàǹpàkò tí ooru ti bà jẹ́. Ẹ̀yìn èyí ni o wá fi fáìlìn máṣíìnì fá ojú ìjórin kó lè tẹ́jú, o tún fá síńkì díẹ̀ sí i lọ. Inú páìpù náà jó, ọ̀dà kankan kò sì lè dé ibẹ̀. O wá gbé géètì yìí lọ sí ibi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ iyọ̀ lù ú tọ̀sán-tòru. Iyọ̀ máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, torí náà irin tó bà lé kì í gbẹ, òjò ì báà má rọ̀ fún oṣù kan. Ní Ikorodu, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè tó ọdún díẹ̀ kó tó tú ọ fó. Níwájú òkun, kì í pẹ́ rárá.

Nǹkan méjì mìíràn wà tí o kò kọ sínú ìwé rẹ, ṣùgbọ́n mo ń rí wọn lára géètì àwọn ẹlòmíràn ní gbogbo ìgbà, kí o yẹ tìrẹ wò. Àkọ́kọ́ ni body filler. Àwọn ajórin máa ń fi dí ibi tí páìpù kò ti pàdé dáadáa, wọn a fi pépà rà á, wọn a kun ọ̀dà. Ohun tó ń fa omi mu ni. Tó bá wà lórí irin lásán, ńṣe ló ń gbé omi iyọ̀ dúró sójú kan, ìpẹtà a máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ láìhàn, títí yóò fi wú jáde. Páìpù tí kò bá pàdé, ẹ tún un gé. Èkejì ni ọ̀dà olóyìnbó elépo tí wọ́n ń kùn sórí gálífáníìsì ní tààrà. Epo inú ọ̀dà yẹn àti síńkì kì í gbé pọ̀. Wọ́n máa ń di ohun kan tó rí bí ọṣẹ láàárín ara wọn, ọ̀dà a wá máa bó ní èèpo èèpo. Bí ọ̀dà funfun rẹ bá ń ṣí kúrò níbi tí kò sí ìjórin rárá, òun nìyẹn.

Mo fẹ́ sọ èrò tèmi síbí yìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kò sì gbà pẹ̀lú mi. Fún géètì etí òkun, páìpù dúdú (èyí tí kò ní síńkì lára) tó nípọn mílímítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a jó dáadáa, tí a sì kùn bó ṣe yẹ, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju páìpù gálífáníìsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ti jó aṣọ rẹ̀ tán lójú gbogbo oríkèé. Síńkì ara irú páìpù bẹ́ẹ̀ kò nípọn rárá. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ti rì sínú síńkì ní ilé iṣẹ́ kí wọ́n tó ká a di páìpù, síńkì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń wà ní nǹkan bí máíkírọ́ọ̀nù 20, ìyẹn ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan. Bí oníbàárà bá lówó, ohun tó dára jù ni pé ká fi irin dúdú jó géètì tán pátápátá, ká wá gbé odindi rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ri irin sínú síńkì yíyọ́. Èyí tí a rì lẹ́yìn iṣẹ́ báyìí ń gba síńkì tó lé ní ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, ojú ìjórin àti inú páìpù yóò sì gba tiwọn. Ṣùgbọ́n rántí lu ihò sí páìpù kọ̀ọ̀kan kó tó lọ. Nǹkan bí 450°C ni síńkì yíyọ́ náà ń wà. Páìpù tó dí pa tí omi tàbí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀ lè bú gbàmù níbẹ̀, kó pa èèyàn.

Báyìí, báwo ni o ṣe máa tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe? Má kun ọ̀dà bo ìpẹtà, má sì jẹ́ kí bàbá náà pe apọ̀dà wá kùn ún. Fi omi tí kò níyọ̀ àti ọṣẹ fọ géètì náà kọ́kọ́, torí bí o bá fi fáìlìn fá irin tí iyọ̀ wà lára rẹ̀, ńṣe lo ń ti iyọ̀ wọ inú irin. Ẹ̀yìn náà ni kí o fá ojú ìjórin kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dán, kí gbogbo filler kúrò, kí gbogbo ìpẹtà kúrò, títí kan inú ihò kéékèèké. Bí o bá rí ibi tí o fo iná, tí àlàfo ṣí sílẹ̀ láàárín páìpù méjì, jó o dí yípo. Nínú ilé tó jìnnà sí òkun, a lè fo iná ká sì jẹun. Létí òkun, àlàfo tí kò tó ìbú èékánná ni iyọ̀ ń gbé. Tún fi omi fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ kanlẹ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí o kun ọ̀dà onísíńkì sí gbogbo ibi tó wà níhòòhò, ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀dà yìí ní láti kan irin lójú korojú kó tó lè ṣiṣẹ́. Bí o bá ti kọ́kọ́ kun red oxide, ọ̀dà ìsàlẹ̀ pupa yẹn, o ti bà á jẹ́ nìyẹn. Wo inú agolo rẹ̀ dáadáa nígbà tí o bá ṣí i: síńkì á ti rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀, omi tó mọ́ á wà lókè. Èèyàn tó bá kùn ún láìrò ó, omi lásán ló kùn. Rò ó títí ọ̀pá rẹ kò fi ní kan ohun líle kankan nísàlẹ̀ mọ́, kí o sì máa rò ó bí o ṣe ń kùn lọ. Ìka ọwọ́ ni kí o fi mọ̀ bó bá gbẹ.

Lẹ́yìn èyí, fi pépà ra gbogbo ara géètì tó kù fẹ́ẹ́rẹ́, kí o kun ọ̀dà epoxy alágolo méjì (èyí tí a ń pò pọ̀ kí a tó kùn ún) sí odindi rẹ̀, kí ọ̀dà tí bàbá fẹ́ràn wá gùn ún lẹ́yìn. Etí páìpù, igun, àti ojú ìjórin ni kí o kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ lọ́tọ̀ kí o tó kun gbogbo ara, torí ọ̀dà máa ń sá kúrò lórí etí mímú. Má kùn ún láàárọ̀ kùtù nígbà tí ìrì ṣì wà lára irin. Jẹ́ kí oòrùn là, kí o fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin. Tó bá tutù ju afẹ́fẹ́ lọ, dúró díẹ̀ sí i. Ọjọ́ tí òkun bá ń ru, tí o ń tọ́ iyọ̀ wò lẹ́nu rẹ, lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Ó ku ti inú páìpù tí a kò lè kùn. Lu ihò mílímítà 8 tàbí 10 sísàlẹ̀ páìpù tó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, kí omi tó bá wọlé lè rí ọ̀nà jáde. Orí páìpù tó dúró, jó o dí. Mo ti rí géètì tí ìta rẹ̀ ń dán, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ kàn, tí ẹsẹ̀ sì wọ inú rẹ̀ lọ.

Ó ku lílọ́, òun ni kí o sì tún ṣe kí o tó kun ọ̀dà kankan. Kí o tó gé ohunkóhun, wá mọ̀ bóyá géètì ló lọ́ tàbí òpó ló yẹ̀. Mú okùn tín-ín-rín méjì. Na ọ̀kan láti igun òkè ọwọ́ ọ̀tún dé igun ìsàlẹ̀ ọwọ́ òsì, na èkejì ní ìdàkejì, kí méjèèjì le dáadáa, kí wọ́n sì wà ní ojú kan náà lára páìpù. Wo àárín ibi tí wọ́n ti kọjá ara wọn. Bí wọ́n bá kàn fẹnu kan ara wọn, tí ọ̀kan kò ti èkejì, géètì rẹ tẹ́jú, òpó bàbá tàbí hínjì ni kí o lọ wò. Ilẹ̀ iyanrìn kì í di òpó mú bí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò bá jìn. Bí àlàfo bá wà láàárín okùn méjèèjì, tàbí tí ọ̀kan bá ń ti èkejì, géètì ló lọ́.

Ohun tó ń lọ́ ọ nìyí. Irin mítà kan tí ooru rẹ̀ bá fi 100°C lékè, á gùn sí i ní nǹkan bí mílímítà 1.2. Ojú ìjórin ju èyí lọ fíìfíì, yíyọ́ ló yọ́, irin tútù tó yí i ká kò sì jẹ́ kó wú bó ṣe fẹ́. Nígbà tó bá ń tutù, ó ń sún kì, ó sì ń fa gbogbo ohun tó dì mọ́ mọ́ra. Ibi tí o bá jó jù ni géètì máa ń tẹ̀ sí. Bí a bá tẹ́ fírémù sílẹ̀ tí a jó gbogbo iwájú rẹ̀ láti igun dé igun tán, ká tó yí i padà jó ẹ̀yìn, ó ti tẹ̀ sí iwájú kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn kò sì ní lè fà á padà tán.

Nítorí náà, nígbà tó bá kan èyí tó ń bọ̀: tẹ́ fírémù sórí ohun tó tẹ́jú. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kò tẹ́jú. Bí o kò bá tíì ní tábìlì irin, angle iron gígùn méjì tí o fi lẹ́fẹ̀lì tò sórí búlọ́ọ̀kù ti tó. Kán iná díẹ̀, ìyẹn ìjórin kékeré tó kàn máa mú irin dúró, sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o mú téèpù. Ká ní apá géètì kan fẹ̀ ní mítà 1.5, ó sì ga ní mítà 2: láti igun dé igun ní ìdábùú gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 2.5 géérégé, ní ọ̀nà méjèèjì. Bí ọ̀kan bá fi mílímítà mẹ́ta ju èkejì lọ, òòlù díẹ̀ á dá a padà báyìí. Lẹ́yìn tí o bá jó o tán, òòlù kò ní gbọ́. Kán iná sí gbogbo oríkèé kí o tó jó ẹyọ kan ní àjótán. Fi kílááǹpù dè é mọ́lẹ̀. Jó igun kan díẹ̀, fò lọ sí igun tó kọjú sí i, padà wá sí ìkẹta, lọ sí ìkẹrin. Yí i padà, ṣe ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Gígùn ìjórin kọ̀ọ̀kan kó má ju ìka méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Fi kílááǹpù sílẹ̀ títí tí ọwọ́ rẹ yóò fi lè dúró lórí irin, má sì da omi sí i lára.

Irin pẹlẹbẹ tí a ń bò ó ni ó burú jù, pàápàá géèjì 18 tí kò nípọn ju mílímítà 1.2 lọ. Àárín ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o máa lọ sí etí, ìka méjì ìjórin, ìbú ọwọ́ méjì àlàfo. Má jó o yípo. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ pé kí o má fi àlàfo sílẹ̀ létí òkun, àmọ́ bí o bá jó irin fẹ́lẹ́ yípo, á rún. Nítorí náà, fi sealant tó ń nà dí àlàfo wọ̀nyí lẹ́yìn ọ̀dà ìsàlẹ̀.

Èyí tó ti lọ́ tẹ́lẹ̀, yọ ọ́ kúrò lára hínjì, tẹ́ ẹ sórí angle iron méjì rẹ, fi kílááǹpù dì í títí yóò fi tẹ́jú. Gé ojú ìjórin igun tó ń fà á. Òun fúnra rẹ̀ á ṣí díẹ̀ bí agbára tó há níbẹ̀ bá ti jáde. Jó o padà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé tí mo kọ sókè yìí. Bó bá jẹ́ iwájú òkun níbẹ̀ ni o ti máa ṣe é, má dúró lórí iyanrìn tútù láìwọ bàtà, má gbé wáyà kọ́ èjìká, kí o sì fi ẹ́ẹ̀tì mú irin gan-an nítòsí ibi tí o ń jó. Òógùn iyọ̀ àti ilẹ̀ tútù ń mú iná gba ara èèyàn kọjá kíákíá.

Àbúrò mi, òtútù tó mú ọ yẹn, má fojú kéré rẹ̀. Èéfín síńkì ni o fà símú. Wákàtí mẹ́rin sí mẹ́wàá lẹ́yìn iṣẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀: òtútù, orí fífọ́, ara ríro, òùngbẹ, àyà á há, ẹnu á máa dùn bí irin. Ó máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń lo oògùn ibà fún ohun tí kì í ṣe ibà. Ẹni tó ń fa á lójoojúmọ́, ara rẹ̀ lè gbà á mọ́ra fúngbà díẹ̀. Bó bá sinmi lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, tó padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, á tún gbé e dè. Mílíìkì kò lè dá a dúró. Ikùn ni mílíìkì ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń lọ. Fá síńkì kúrò tó ìka méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí o tó jó o. Èyí yóò jẹ́ kí ìjórin rẹ mọ́ pẹ̀lú. Ìta ni kí o ti jó o, dúró kí atẹ́gùn máa gbé èéfín kúrò lójú rẹ, kí o wọ ìbòmú tó ní asẹ́ tí wọ́n ṣe fún èéfín irin. Aṣọ tí a so mọ́mú kò dá nǹkan kan dúró. Bí èémí bá ń há ọ, tí kò lọ lẹ́yìn ọjọ́ kejì, tàbí tó ń le sí i, ọsibítù ni, kí o sì sọ fún dókítà pé irin ni o jó. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì aláwọ̀ ìyeyè tó ń dán tí a ń rí lára àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ lè ní cadmium, irin olóró kan, lára. Ìyẹn kì í ṣe òtútù alẹ́ kan, ó lè pa èèyàn. Má jó wọn.

Ní ti bàbá náà, má dá owó padà, má sì sá fún un. Lọ bá a fúnra rẹ, gbé okùn méjì dání, na wọ́n lára géètì lójú rẹ̀ kó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni o máa tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kí o bẹ̀ ẹ́ kó ra ọ̀dà onísíńkì àti epoxy, torí wọn kò sí nínú owó tí ẹ jọ dá lákọ̀ọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà á gbà bẹ́ẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá tutù. Láti ìsinsìnyí lọ, bí o bá ń kọ iye owó géètì etí òkun fún ẹnikẹ́ni, kọ owó ọ̀dà sí ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí oníbàárà mọ ohun tó ń yọ kúrò bó bá ní kí o dín in kù.

Kí o tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, fi gírísì sí hínjì, kí o sì fi han ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bó ṣe máa fi omi tí kò níyọ̀ ṣan géètì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Abẹ́ páìpù àti ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí òjò kì í dé, ni kó ti bẹ̀rẹ̀.